Ìdọ̀tí Tí A Bá Yà Sọ́tọ̀, Ọjà Ni

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa sọ níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nípa ajílẹ̀ àti àtúnlò ohun àlòkù ní ilé ìwé àwọn ọmọ wa

  

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Akọ̀wé yóò sọ ọ́ lẹ́yìn tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa mú wá kò jìnnà sí ti owó oṣù. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa sì ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀ka wa ran àwọn ilé ìwé àdúgbò wa lọ́wọ́, kí wọ́n máa ya ìdọ̀tí wọn sọ́tọ̀, kí wọ́n sọ èyí tó ń jẹrà di ajílẹ̀, kí wọ́n sì ta èyí tí kì í jẹrà fún àwọn tó ń lò ó.

TA NI OMI Ń GBÉ LỌ?

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kò kan òṣìṣẹ́, kí ó rántí Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún àkúnya. Omi wọ ilé, ó gbé ọjà, ó sì bá ènìyàn tó lé ní igba lọ. Òjò kò jẹ̀bi. Omi ń wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà, kò rí ọ̀nà, nítorí pé ìdọ̀tí ti dí ojú odò, ilé sì ti gba etí rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú Ìbàdàn kan náà, ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì tún ṣòfò. Ọdún 31 ló wà láàárín méjèèjì. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1980 ti di òbí ní 2011. Kí ni a kọ́ ọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn nípa ibi tó yẹ kí a da ilẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Àwọn ọlọ́rọ̀ kì í sábà gbé etí odò tí ìdọ̀tí ti dí. Owó oṣù tí wọ́n ń san fún wa ló ń gbé wa dé ibẹ̀, níbi tí owó yàrá kò ti pọ̀ jù. Ní Èkó níbí, ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí ojú ń rí ní Ajégúnlẹ̀, ní Mushin, ní Apápá, bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré. Ọ̀rá omi piọ wọ́tà àti ìgò ike ti dí gọ́tà, omi gba títì, ọkọ̀ kú sínú omi, owó ọjọ́ náà sì lọ. Ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ náà pẹ́ dé, wọ́n sì yọ nínú owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ṣe ń wọ inú àpò wa.

ÌṢIRÒ ỌKỌ̀ AKÓLẸ̀

Ní 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ akólẹ̀ sílẹ̀, òun ló di LAWMA ní 1991. Àjọ náà ti sọ pé ìdọ̀tí tí Èkó ń dà lójúmọ́ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 13,000. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń gbé tọ́ọ̀nù 10, ìrìn 1,300 ni lójoojúmọ́, láìsinmi ọjọ́ Àìkú. Dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Táyà ńkọ́? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́?

Kí ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé? Ní àwọn ìlú wa, ohun tó ju ìdajì lọ nínú ẹrù yẹn jẹ́ àjẹkù oúnjẹ, ewé àti èèpo. Omi ló sì pọ̀ jù nínú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ewé ẹ̀fọ́. Omi ni a ń fi dísẹ́ẹ̀lì gbé la ìlú já lọ sí àkìtàn!

Bí ó bá dé ọ̀hún, wọ́n á kó o jọ gègèrè. Atẹ́gùn kò ní ráyè wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá sì ń jẹrà níbi tí kò sí atẹ́gùn, gáàsì tó lè gbiná ló máa ń mú jáde. Àkìtàn Olúṣọ̀sún ní Òjòtá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1992, gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018, èéfín sì bo àdúgbò. Bí ìlú bá ń dàgbà lójoojúmọ́, tí gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń lọ sójú kan, ọjọ́ kan ni ojú kan náà yóò kún.

ÌGÒ TÍ KÌ Í DÉ GỌ́TÀ

Ẹ wo inú gọ́tà dáadáa. Ẹ ó rí ìgò ike, ẹ ó rí ọ̀rá, ẹ ó rí agolo. Ẹ wá ìgò bíà tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò onígíláàsì níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n. Ṣé àwọn tó ń mu ọtí nínú gíláàsì mọ́ tónítóní ju àwọn tó ń mu omi nínú ike lọ ni? Rárá o. Owó ìgò ni. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ni a ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo wá yóò san owó rẹ̀. Nítorí náà, ìgò ń padà sínú kéètì, kéètì ń padà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń dá a padà sí ilé iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ tó wà níjokòó níhìn-ín ti gbé irú rẹ̀ rí. Ohun tó bá ní iye lórí kì í sùn níta.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ike, ilé iṣẹ́ irin, ilé iṣẹ́ aṣọ, ẹ mọ èyí ju àwa lọ. Ajákù tí a bá kó sọ́tọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ, tó mọ́, tí ohun mìíràn kò wọ inú rẹ̀, ilé iṣẹ́ á dá a padà sínú ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n tà á lówó gidi. Èyí tí epo ẹ̀rọ, yẹ̀pẹ̀ àti àjẹkù oúnjẹ bá ti dà pọ̀ mọ́, wọ́n á tún san owó fún ẹni tí yóò gbé e dànù. Ohun kan náà ló jáde lára ẹ̀rọ kan náà. Ìyàsọ́tọ̀ sọ ọ̀kan di ọjà, àdàpọ̀ sọ èkejì di ìdọ̀tí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju ìyẹn lọ. Bí èèpo ọsàn àti ọbẹ̀ bá ti kan páálí, páálí bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa rà á. Bí ọ̀rá bá ti wọ inú ewé, ewé kò lè di ajílẹ̀ tó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ju èèpo sí apá kan, tó ju ike sí apá kejì, nǹkan méjì tó wúlò ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ILÉ ÌWÉ?

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àgbà tó ti ń ju ọ̀rá láti ojú fèrèsé mọ́tò fún ogún ọdún, a lè bá a wí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yóò tètè gbọ́. Ilé ìwé sì jẹ́ ibi tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ ti ń jẹun ní wákàtí kan náà, nínú ọgbà kan náà, tí a mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ àti ìgbà tó ń gbá a. Kò sí ọjà tàbí gáréèjì tó rọrùn láti ṣètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ bá sì kọ́ ní ilé ìwé, yóò gbé e wá sílé, yóò máa fi da bàbá àti ìyá rẹ̀ láàmú.

Nǹkan yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ ilé ìwé lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ ó rántí oko ilé ìwé. Ẹ ó rántí ààtàn tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn ìyá wa pẹ̀lú, níbi tí ata àti ìbẹ́pẹ ti máa ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Àwọn ìyá wa mọ ajílẹ̀ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó yí padà ni pé nígbà náà, ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé sì ń jẹrà. Nígbà tí ọ̀rá wọlé dé, a kàn ń bá àṣà ààtàn lọ bí ẹni pé ewé ni ọ̀rá. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

AJÍLẸ̀: BÍ A TI Ń ṢE É

Ajílẹ̀ la fẹ́ kí ilé ìwé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé apá yìí ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí, kò sì dúró de oníbàárà kankan. Bí owó ike bá wálẹ̀ lọ́la, ajílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá sì ti yọ àwọn ohun tútù kúrò, ìyókù yóò gbẹ, yóò mọ́, yóò sì ṣe é tà.

Pálẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí a bá so pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di àpótí ajílẹ̀. Kí ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà kan. Bó bá kéré ju ìyẹn lọ kì í gbóná tó. Àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló dára jù: a ń kó sínú ọ̀kan, a ń yí i padà sínú èkejì. Ojú ilẹ̀ gan-an la ń gbé e lé, lábẹ́ igi tó ní ibòji, kí ó jìnnà sí kànga àti sí fèrèsé kíláàsì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kó ohun gbígbẹ àti ohun tútù lé ara wọn. Ohun gbígbẹ ni ewé gbígbẹ, háhá àgbàdo, koríko gbígbẹ, èérún pákó díẹ̀. Ohun tútù ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, èèpo ọsàn, ewé ẹ̀fọ́, koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìgbẹ́ adìẹ. Bí ẹ bá fi garawa kan ohun tútù sí i, ẹ fi garawa méjì tàbí mẹ́ta ohun gbígbẹ bò ó. Ẹ má fi ẹran, ẹja, egungun tàbí ọbẹ̀ elépo sí i, nítorí eku. Ẹ má fi ìgbẹ́ ajá tàbí ti ológbò sí i, nítorí àrùn.

Ẹ wọ́n omi sí i. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí o fún un. Bí omi bá ń kán tótó, ó ti tutù jù. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ra, ó gbẹ jù. Bí ó bá rí bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún tán, ó ṣe déédéé. Nígbà òjò, ẹ fi páànù tàbí tapólì bò ó.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ yóò gbóná. Ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí olùkọ́ fa irin náà yọ kí ó sì fọwọ́ kàn án. Ooru náà lè tó ìwọ̀n 55 tàbí 60 Celsius. Kì í ṣe àǹjọ̀nú ló ń dáná níbẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹun, bí wọ́n sì ṣe ń jẹun ni ooru ń jáde. Ooru yìí ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àrùn. Àwọn kòkòrò náà nílò atẹ́gùn bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń rùn, ó ti tutù jù, ẹ fi ewé gbígbẹ sí i, kí ẹ sì yí i. Bí kò bá gbóná, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ jù, tàbí pé ohun tútù kò tó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́rin, yóò dúdú, yóò máa rọ̀, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Ajílẹ̀ dé nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀ láìra ìwé kan. Kí àwọn ọmọ gbin àgbàdo sínú agolo méjì, ọ̀kan pẹ̀lú iyanrìn lásán, ọ̀kan pẹ̀lú iyanrìn tí a pò mọ́ ajílẹ̀. Kí wọ́n máa fi rúlà wọn gíga rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá lórí ebè lẹ́yìn kíláàsì. Ewédú kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí wọ́n tó máa já a.

ÈYÍ TÍ KÌ Í JẸRÀ

Àpò mẹ́rin ló tó: ọ̀kan fún ìgò ike, ọ̀kan fún ọ̀rá omi, ọ̀kan fún agolo, ọ̀kan fún páálí àti ìwé. Kí àwọn ọmọ mọ ibi tí ẹrù wọn ń lọ. Wọ́n á gé ìgò ike wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, yóò di òwú tàbí ìgò mìíràn. Wọ́n á rẹ páálí sínú omi títí yóò fi di ẹ̀kọ, yóò sì padà di páálí, bébà ìnùdí tàbí kéètì ẹyin. Agolo alumíníọ́mù ló yani lẹ́nu jù: agbára iná tí wọ́n fi ń yọ́ ògbólógbòó agolo di tuntun kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọ́n ń lò láti yọ alumíníọ́mù láti inú òkúta ilẹ̀.

A kò ní tàn yín jẹ nípa owó rẹ̀. Ìgò omi kékeré kan, èyí tó gba 50 sẹ́ńtílítà, wọ̀n tó nǹkan bí gíráàmù 20. Nǹkan bí 50 ìgò ló máa tó kílò kan. Bí ọmọ 300 bá ń mú ìgò kọ̀ọ̀kan wá lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún ìgò 1,500 ni, kílò 30. Kì í ṣe owó tí a fi ń kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ó lè ra ṣọ́ọ̀kì, ó lè ra ọṣẹ ìfọwọ́, ó lè tún bẹ́ńṣì ṣe. Ó sì tún jẹ́ pé ìgò 1,500 kò sí nínú gọ́tà ní ọ̀sẹ̀ náà. Kí wọ́n tẹ ìgò pẹrẹsẹ kí wọ́n tó kó o sápò. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ìdí: afẹ́fẹ́ ni ẹni tó bá gbé ìgò òfìfo ń gbé.

Àwọn kan ti ṣe é ṣíwájú wa. Ní 2012 ni Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó níbí, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kó ike láti ojúlé sí ojúlé, tí wọ́n sì ń san án padà fún onílé gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹrù rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, ìròyìn ilé ìwé Morit International School kàn kárí ayé ní 2019, nítorí pé wọ́n gbà kí òbí máa fi ìgò ike san lára owó ilé ìwé ọmọ. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé ìwé Akshar tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016 ní Assam náà ní kí ọmọ máa kó ike 25 wá lọ́sẹ̀. Mẹ̀kúnnù ni àwọn òbí tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bíi tiwa.

OHUN TÍ A KÒ NÍ GBÀ

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọdé ló sì máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, a ní àdéhùn tí a kò ní yẹ̀.

Èkíní, kò gbọdọ̀ di ìyà. Bí olùkọ́ bá ń fi ààtàn jẹ ọmọ tó pẹ́ dé níyà, ọmọ náà yóò kórìíra ààtàn títí yóò fi darúgbó, a ó sì ti ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Èkejì, a kò ní rán ọmọ lọ sí títì tàbí àkìtàn láti lọ ṣa ike. Ohun tó bá ti ilé àti ọgbà ilé ìwé wá nìkan ni. Kò sì sí ọmọ tí wọ́n gbọdọ̀ lé padà sílé nítorí pé kò mú ìgò wá. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń bu omi láti inú àmù kò ní ìgò ike, kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì tó fọ́, abẹ́rẹ́, bátìrì, tàbí ike tí oògùn kòkòrò wà nínú rẹ̀ rí. Ọṣẹ àti omi gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, owó. A ti rí bí owó àjọ ṣe ń rìn ní òru. Kí wọ́n wọn ẹrù lójú ọmọ, lójú òbí àti lójú olùkọ́. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n àti iye rẹ̀ sórí pátákó tí gbogbo ènìyàn lè kà. Ẹ ó sì máa yẹ ìwọ̀n oníbàárà wò. Ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n kan wà tó ń purọ́.

Ẹ̀karùn-ún, olùkọ́ náà òṣìṣẹ́ ni. A kò ní di ẹrù lé e lórí láìbá a sọ̀rọ̀. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò bá jókòó fohùn ṣọ̀kan, a kò ní bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, àtúnlò ní ilé ìwé kò gba ẹjọ́ kúrò lọ́rùn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike jáde. Nígbà tí ìgò jẹ́ gíláàsì, àwọn ló ń wá a padà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ike, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gọ́tà àti fún wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó kéde pé òun fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ó fi hàn pé ìjọba lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́. Kí àwọn ọmọ wa kọ́ bí a ṣe ń ya ike sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ́ láti béèrè pé ta ló ṣe ike náà.

Ohun kan ṣì kù tó ṣe pàtàkì sí wa. Àwọn agbálẹ̀ títì, àwọn tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ akólẹ̀, àwọn tó ń ṣa irin àti ike lórí oòrùn, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, ọmọ wa sì ń pẹ̀gàn wọn. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ajílẹ̀ padà, tó ti wọn àpò ike rí, kò ní yọ ṣùtì sí wọn mọ́.

OHUN TÍ Ẹ̀KA WA LÈ ṢE

A kò béèrè owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka. Ohun tí a ní lọ́wọ́ la fẹ́ lò. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, pálẹ́ẹ̀tì tó ti ṣẹ́ àti dúrọ́ọ̀mù òfìfo wà tí wọ́n ń dáná sun. Kí akọ̀wé kọ̀wé sí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí a gbà á pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ̀sùn olè kàn wá ní géètì. Dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀, a kò fẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ọkọ̀ yín ń padà lófìfo, ẹ lè gba àpò ike lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí onímọ́tò bá gbà. Ẹ̀yin káfíńtà àti wẹ́dà, àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan péré la fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ìyá tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, èèpo ọsàn àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín la fẹ́, ẹ má dà á sí gọ́tà mọ́.

Ilé ìwé méjì la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, fún táàmù kan. Bí táàmù bá parí, a ó padà wá síwájú yín pẹ̀lú ìwé ìṣirò: kílò mélòó, náírà mélòó, ebè ẹ̀fọ́ mélòó. Bí ó bá dára, a ó fi kún un. Bí kò bá dára, a ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ kò lè so pálẹ́ẹ̀tì pọ̀, wọn kò lè wa ọkọ̀, wọn kò sì lè bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àwa náà kò lè jókòó sí kíláàsì láti ya èèpo kúrò lára ike. Kí oníkálukú ṣe tirẹ̀.

Alága, a gbé àbá wa síwájú ilé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi wá ní ìbéèrè, ẹ tú ọ̀rọ̀ wa wò, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹ bá fara mọ́ ọn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.